Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Mẹ́rin fún Ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwọn àgbà ní, àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àlejò, kí ni a ó wí nípa onílé tí òun náà kò fi ojú tirẹ̀ ríran? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni a bí sí Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, tí wọ́n sì dàgbà síbẹ̀, tí wọn kò mọ̀ ju ilé, ilé ìwé, ọjà àti ibùdókọ̀ lọ. Ariwo ọkọ̀ ni ó ń jí wọn lówùúrọ̀, ariwo ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ń gbọ́ kí wọ́n tó sùn. Nítorí pé pápá ọkọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí wọn, wọ́n a máa rí bàálù lókè orí wọn lójoojúmọ́, wọ́n a sì máa rò pé ẹni tí yóò bá gbádùn ìsinmi, àfi kí ó bá bàálù lọ sí òkè òkun. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn rí. Igbó, òkun, òkúta àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní àrọ́wọ́tó ìdílé tí ó bá mọ ètò í ṣe.

Ohun tí ó sábà máa ń ba irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í ṣe àìlówó, ìwọra ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan tí ó gbéra ní Ìsọlọ̀ pẹ̀lú ìpinnu láti rí ohun gbogbo ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí wọ́n rántí pé ìlú tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ni Èkó í ṣe. Afárá díẹ̀ ni ó so Erékùṣù Èkó mọ́ ilẹ̀ tí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wà, orí afárá díẹ̀ yìí náà sì ni ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ yóò ti dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ibi tí wọ́n ń lọ, ilẹ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ jáde yóò sì ti sùn lọ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Nítorí náà, òfin ìsinmi Èkó kò ju mẹ́ta lọ: kí a tètè jáde, kí a kọjú sí ibì kan ṣoṣo lójúmọ́, kí a sì fi ọjọ́ kan sinmi láàárín.

Ní ọjọ́ kìíní, kí ìdílé náà kọjú sí Erékùṣù Èkó. Láti ọdún 1901 ni ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ti ń gba Òṣòdì kọjá. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n ń pè ní Red Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ọdún 2024, ń gbé ènìyàn láti Òṣòdì gba Múṣín àti Yábàá dé Òyìngbò láìsí ìdádúró ojú títì. Káàdì ni a fi ń san owó rẹ̀. Cowry ni wọ́n sọ káàdì náà, èyíinì ni owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ń ná láyé àtijọ́. Láti Òyìngbò, bọ́ọ̀sì yóò gbé wọn sọdá sí Erékùṣù.

Ní Oníkàn, Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957 ń dúró dè wọ́n. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọdún 1976 wà, pẹ̀lú ojú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá tí a fi orúkọ John Randle pè. Oníṣègùn ni Randle. Ní ọdún 1928, ó kọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan sí Oníkàn kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Kí ọmọ fi ìtàn yìí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún un ní ọ̀la.

Ọjọ́ kejì ni ti igbó. Bọ́ọ̀sì yóò gba orí Afárá Third Mainland tí a parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8, títí yóò fi já sí ọ̀nà Lẹ́kkí. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ohun alààyè ní Nàìjíríà, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, gbé dá hẹ́kítà 78 sí láàárín ilé àti títì. Ó ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ọ̀nì ń bẹ nínú irà, ahun ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́. Láti ọdún 2015 ni afárá kan tí ó gùn tó mítà 401 ti ń mì jólójóló láàárín orí igi fún ẹni tí àyà kò bá já.

Kí òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọ kàn sáré kọjá níbẹ̀. Kí ó dúró, kí ó wo irà náà. Bí apá ńlá etíkun Èkó ti rí nìyí kí a tó kó yanrìn dí i, kí a tó kọ́lé sórí rẹ̀. Irà a máa gba omi òjò mu. Níbi tí a bá ti dí irà, ilé ènìyàn ni omi yóò wá ibùgbé sí.

Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ yà sí etí òkun, ìtàn Randle yóò wúlò. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìgbì tí ń padà sẹ́yìn lágbára púpọ̀, ó lè fa àgbàlagbà tí ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọmọdé. Kí ọmọ fi yanrìn ṣeré, kí ó wo òkun, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ilé ni kí wọ́n wà. Ìsinmi tí kò ní ìsinmi nínú, iṣẹ́ ni. Kí àwọn ọmọ ròyìn ohun tí wọ́n rí fún ìyá àgbà tàbí fún aládùúgbò tí ó ti pẹ́ láyé, kí àwọn náà sì bi í bí Ìsọlọ̀ ti rí láyé àtijọ́. Nítorí ìlú àwọn Àwórì ni, ó sì ní ọba tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni kí wọ́n kọjú sí òkè. Láti Òṣòdì, Red Line yóò gbé wọn dé Agége. Níbẹ̀ ni wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tuntun, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, lọ sí Abẹ́òkúta. Kí bàbá tètè ra ìwé ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ náà kì í lọ ní wákàtí wákàtí. Òkúta Olúmọ ga ní mítà 137 sí ojú òkun. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ààbò nígbà tí ogun lé wọn dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ ìlú náà ti wá. Ọmọ tí ó bá gun orí rẹ̀ yóò rí gbogbo ìlú bí ẹni pé ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí ìdílé náà bá padà dé Òṣòdì ní alẹ́ ọjọ́ náà, ariwo ọkọ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ọmọ nìkan ni kò ní rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Yóò ti mọ̀ pé Èkó ju ibùdókọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá dàgbà, tí ẹnìkan bá sì wá fẹ́ fi yanrìn dí irà tí ó kù, òun yóò lè dìde wí pé, “Mo ti dé ibẹ̀ rí, mo mọ ohun tí a ó pàdánù.”