Kẹ́míìsì, Làbù àti Ilé Ìwòsàn Aládàáni ní Sókótó: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ara ọmọ bá gbóná lóru ní Mabera tàbí ní Rijiyar Dorowa, ilé ìwòsàn yunifásítì UDUTH kọ́ ni ibi tí òbí kọ́kọ́ ń sáré lọ. Kẹ́míìsì ìkóríta ni. Kò jìnnà, wọn kì í tètè tì í, ẹ ò ní gba káàdì kankan, ẹni tó ni ín mọ̀ yín lórúkọ, ó sì lè tà fún yín láwìn títí ẹ ó fi rí owó ọjà. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ò lè bá yín jà sí i. Bí gbogbo ẹni tí ibà ń ṣe nílùú yìí bá jọ dà lọ sí ilé ìwòsàn Specialist láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà á dé ojú títì.

Nítorí náà, a ò wá sọ fún yín pé kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ aládàáni. A fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí agbára kálukú wọn mọ, kí ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ fò wọ́n kọjá. A kọ ìwé yìí ní Yorùbá nítorí pé ọ̀pọ̀ màmá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìwó wá ṣòwò níbí ló gbọ́ Hausa tí wọ́n fi ń nájà, àmọ́ tí kò tó wọn fi ṣàlàyé ibi tó ń dùn wọ́n.

Àwọn wo là ń pè ní aládàáni?

Bí ẹ bá gbọ́ aládàáni, ọkàn yín lè lọ sí ilé alájà méjì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́míìsì náà wà níbẹ̀, ilé apoògùn wà níbẹ̀, làbù wà níbẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbẹ̀bí nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í gba kọ́bọ̀ pàápàá kì í ṣe ìjọba. Ti ìjọba ni ilé ìwòsàn Noma tó wà ní Sókótó yìí, ó sì ti ń gba àwọn ọmọ tí àrùn noma jẹ lẹ́nu àti lójú láti 1999, àmọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà MSF, ti ń ràn án lọ́wọ́ láti 2014. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ tí èrìgì rẹ̀ wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, ẹ gbé e lọ kó tó di egbò ńlá. Àrùn yìí kì í pẹ́ jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tán.

Àwọn aládàáni yìí pọ̀ ju bí ìjọba ṣe máa ń kà á lọ. Ní 2007, àjọ IFC tó wà lábẹ́ Báǹkì Àgbáyé ṣe ìwé kan lórí ìlera nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdajì owó tí àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà ń ná sórí ìlera ló ń bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Tálákà ń lò wọ́n bí olówó ṣe ń lò wọ́n. Ní Nàìjíríà tiwa, nínú 100 náírà tí a ń ná sórí ìlera, ó ju 70 lọ tó ń jáde lápò aláìsàn fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń sanwó tó báyìí yẹ kó lè béèrè ohun tó ń rà.

Ẹni tó ń tà ló ń yẹ̀ yín wò

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ìdí ìwé yìí gan-an. Dókítà ìjọba á gba owó oṣù rẹ̀, ì báà kọ oògùn mẹ́rin fún yín, ì báà má kọ ìkankan. Kẹ́míìsì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn tó ń fún yín. Oògùn tó bá tà ló fi ń jẹun. Bó bá ní, “Ẹ lọ sinmi, ẹ mu omi dáadáa, á lọ,” òtítọ́ lè ni, àmọ́ ebi á pa á. A ò pè wọ́n lólè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba ẹ̀mí là lóru tí kò sí ẹlòmíì tó jí. Bí òwò náà ṣe rí ló ń tì wọ́n síbi kí wọ́n ṣáà ta nǹkan kan.

Ẹ wo ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń dì fún yín dáadáa: funfun méjì, pupa kan, róbótó aláwọ̀ ìyeyè kan, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó fi páálí tó ti yọ wọ́n hàn yín, kó sì kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ara bá kọ̀ ọ́ lọ́la, ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bi yín ni ohun tí ẹ ti lò.

Òfin ti sọ ibi tí kẹ́míìsì mọ. Àjọ PCN tó ń mójú tó iṣẹ́ apoògùn ló ń fún un níwèé àṣẹ, ọdọọdún ló sì ń tún un gbà. Ó yẹ kó gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí ojú yín á ti tó o. Ẹ ka ọdún tó wà lórí rẹ̀. Kẹ́míìsì lè ta parasitámọ́ọ̀lù, oògùn ibà ACT, oògùn aràn, ORS àti zinc fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kò láṣẹ láti gún abẹ́rẹ́, kò láṣẹ láti fa omi sí yín lára, oògùn apakòkòrò tó yẹ kí dókítà kọ kì í sì í ṣe ọjà rẹ̀. Ilé apoògùn tí ẹni tó kàwé apoògùn ní yunifásítì ń mójú tó lágbára jù ú lọ, iye owó wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra bí àwọn èèyàn ṣe rò.

Omi tí wọ́n ń fà yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará wa fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹni tó rẹ̀ nídìí ọjà á ní kí wọ́n fa omi kan sí òun kí ara lè le. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó lè mu kòkó, tí kò bì í, kò nílò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ sì lè kó àrùn sí yín lẹ́jẹ̀.

Ibà, tàífọ́ọ̀dì àti bébà làbù

Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ kíún láti orí ìka, ẹ̀là pélébé kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, èsì ti dé. Bí èsì bá ní kò sí ibà, ẹ má tún lọ ra oògùn ibà “nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀”. Ohun mìíràn ló ń mú ara gbóná, ẹ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni.

Bébà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni ti Widal. Ẹ ti rí i rí: S. typhi O, S. typhi H, 1/80, 1/160, tí wọ́n fi bírò pupa yí po. Wọ́n á ní tàífọ́ọ̀dì ti wọ ẹ̀jẹ̀, ibà náà sì wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí nìkan ò tó. Àrùn tó ṣe yín lọ́dún tó kọjá lè mú kí nọ́ńbà yẹn ga, àrùn mìíràn pẹ̀lú lè ṣe é. Àyẹ̀wò tó dájú ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ yín ní làbù láti wo kòkòrò tó máa hù, ó sì ń gba ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá ti fi bébà Widal kọ abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún fún yín, ẹ gbé e lọ bá dókítà mìíràn kí ẹ tó sanwó.

Oòrùn Sókótó àti oògùn

Láti oṣù Ẹrẹ́nà dé oṣù Ẹ̀bìbí, ooru níbí máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí oògùn: púpọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ibi ìpamọ́ má gbóná ju 30 lọ, òmíràn ní 25. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí kò ní àjà, tí iná mànàmáná ò sí níbẹ̀ láti òwúrọ̀, kò lè pa ìyẹn mọ́.

Èyí tó kan aboyún jù ni oxytocin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Inú fíríìjì ni ilé rẹ̀, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Bó bá ti gbóná, agbára rẹ̀ á máa lọ, ìgò rẹ̀ ò sì ní yí padà lójú. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́ ó tó mọ̀. Kí ẹ tó forúkọ aboyún sílẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí aládàáni, ẹ bi wọ́n pé: fíríìjì abẹ́rẹ́ yín dà, kí ló ń gbé iná fún un lóru? Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gún un kí ìrọbí lè yá, nílé tí kò sí dókítà, ẹ gbé aboyún yín kúrò níbẹ̀. Ilé ọmọ lè fàya.

Ti àwọn tó ń wàásù oògùn nínú bọ́ọ̀sì Sókótó sí Ìbàdàn, tí ìgò kan ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, lákúrègbé àti ojú, òfin ti kà á léèwọ̀ láti ta oògùn ní gáréèjì, nínú ọkọ̀ àti ní etí títì. Oògùn yòówù kí ẹ rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Lára àwọn oògùn ibà àti apakòkòrò kan, ẹ máa rí ibi tí ẹ lè ha. Ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ síbẹ̀, èsì á wá sórí fóònù yín.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ló ń gbé. Òwe yìí ń pa àwọn kan. Oògùn ikọ́ ife tí wọ́n ń pè ní TB, ọ̀fẹ́ ni káàkiri Nàìjíríà, àyẹ̀wò rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni, títí kan ilé ìwòsàn aládàáni tó bá wà nínú ètò náà. Ẹni tó bá húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, kó yéé ra omi ikọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé náà, ìjọba ló rà á. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé méjì ní Ìpínlẹ̀ Sókótó, nǹkan bí 5 péré ló gba àwọn àjẹsára ìpìlẹ̀ pé. Kò sí ìpínlẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Láti 2022 ni òfin ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àjọ SOCHEMA ló ń bójú tó o ní ìpínlẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn tí ẹ máa yàn lè jẹ́ ti aládàáni bó bá wà nínú ìwé wọn. Irú rẹ̀ ti wáyé ní Kwara: ètò kan tí iléeṣẹ́ Hygeia bójú tó, tó bẹ̀rẹ̀ ní Shonga ní 2007, jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ lo ilé ìwòsàn aládàáni nígbà náà pẹ̀lú owó kékeré lọ́dún, nítorí pé àwọn mìíràn ń san ìyókù, wọ́n sì ń yẹ ilé ìwòsàn náà wò. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì tó ń dá àjọ oṣooṣù lè jíròrò rẹ̀ nípàdé wọn.

Ìgbà tí kẹ́míìsì ò sí nínú ọ̀rọ̀

Ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì mú, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí: UDUTH, Specialist tàbí ilé ìwòsàn Maryam Abacha ni tààrà. Ẹ má fún ọmọ tí gìrì mú ní ìtọ̀ màlúù, ẹ jọ̀ọ́. Ara gbígbóná pẹ̀lú ọrùn tó gan nígbà ooru, ẹ fura sí lọ́rùnlọ́rùn, sankarau lẹ́nu àwọn Hausa. Ó pa ju 1,000 èèyàn lọ ní Nàìjíríà ní 2017, Sókótó sì wà lára ibi tó jà. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ ń ṣú, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ yẹ̀ lójijì, kò sí ti ká dúró wo ilẹ̀ ọ̀la.

Bí ilé ìwòsàn aládàáni bá sún mọ́ yín jù nírú wàhálà bẹ́ẹ̀, ẹ wọlé. Òfin Ìlera ti 2014 ní ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba tàbí aládàáni, kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ìjìyà rẹ̀ ni ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹni tí ìbọn bá sì bà, òfin ti 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ má dúró jà níbẹ̀. Ẹ gbé aláìsàn lọ síbòmíràn kíákíá, ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà àti aago tí ẹ débẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì tó bá wà, kí ẹ wá gbé ẹjọ́ yín lọ sí iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ àti sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, lẹ́yìn náà.