Ìgbohùnsílẹ̀ àti ìtòléra ohùn orin nínú ilé

Ìgbohùnsílẹ̀ àti ìtòléra ohùn orin nínú ilé ni iṣẹ́ gbígba ohùn olórin sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí a sì to àwọn ohùn náà léra kí wọ́n lè dún pọ̀ nínú orin kan. Nínú orin ìbílẹ̀ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń dá orin, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn elégbè tí ń gberin. Nínú iyàrá, ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ní àdúgbò bíi Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ohun méjì ló gba ìṣọ́ra jù lọ: ariwo ìta àti ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1951, Les Paul àti Mary Ford gbé orin «How High the Moon» jáde, nínú èyí tí a ti to ohùn Mary Ford léra títí ó fi dún bí ohùn ẹgbẹ́ akọrin. Ní Èkó, ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá ni Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings ti ṣe púpọ̀ nínú àwo Band on the Run ní ọdún 1973, lórí ẹ̀rọ téèpù tó ní ọ̀nà mẹ́jọ péré. Bí ọ̀nà bá kún lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, a ní láti pa ohùn bíi mélòó kan pọ̀ sójú kan kí àyè tó ṣí. Lónìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àyè kì í ṣe ìṣòro mọ́, ariwo ni.

Ariwo àti iyàrá

Ojú irin, Agege Motor Road àti òpópónà tó lọ sí Àpápá pàdé ní Òṣòdì. Mafoluku àti Ajao Estate sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, bẹ́ẹ̀ ni ìró jẹnẹrétọ̀ kì í jìnnà. Bí a bá to ohùn léra ní ìwọ̀n kan náà, ariwo inú wọn a máa fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 ròkè nígbàkúùgbà tí iye ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì. Ọ̀nà mẹ́jọ á fi nǹkan bíi 9 ròkè ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí elégbè bá dákẹ́ tí olórin ń dá kọrin, gbogbo ariwo yẹn ni yóò wà lábẹ́ ohùn kan ṣoṣo. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ gé ibi tí kò ti sí orin kúrò nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Aṣọ àti ibùsùn fóòmù tí a gbé sẹ́yìn olórin a máa pa ìró tí ògiri ń dá padà, ṣùgbọ́n wọn kì í dí ariwo ìta. Fún èyí, a ó pa fáànù, a ó kọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí fèrèsé, a ó sì yan àkókò tí àdúgbò rọlẹ̀. Olórin yóò dúró ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ẹ̀rọ náà, yóò sì lo hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí dáadáa, kí ìlù má baà jò wọ inú ohùn.

Ohùn ọ̀rọ̀

Ohùn òkè, ààrin àti ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀. Bí olórin bá ń sọ ọkọ̀ tí ohùn elégbè sì gòkè, ọkọ́ ni etí lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́: nínú ọ̀pọ̀ orin ìjọ tí a túmọ̀ sórí ohùn orin Òyìnbó, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yí padà. T. K. E. Phillips, atẹdùùrù Cathedral Church of Christ ní Marina, wà lára àwọn tó ṣe orin ìjọ tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní ọdún 1953. Nítorí náà, ó sàn kí elégbè máa gòkè níbi tí olórin ti gòkè, kí ó sì sọ̀ níbi tó ti sọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra.

Auto-Tune, tó jáde ní ọdún 1997, ń tún ohùn tó ṣìnà ṣe. Bí a bá mú un yára jù, ó lè pa ìyọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ sí òkè tó wà nínú ọ̀rọ̀ bíi ìwé.

Ìpapọ̀

Ohùn olórin ni yóò wà láàrin. Ti elégbè yóò pín sí ọ̀tún àti òsì, yóò sì rẹlẹ̀ jù ú lọ. Nítorí pé fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni àìbára-mu ti ń hàn: bí gb, p tàbí ṣ inú ọ̀nà mẹ́jọ kò bá bọ́ sójú kan, ọ̀rọ̀ kò ní dá ṣáká létí.