Ọdún Kan Nílé Kí Ọmọ Tó Wọlé Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Eyín

Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó ní kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí n tó dé ilé wọn ní Ìlọrin, nítorí pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ òun àti ọmọ wọn obìnrin kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ.

Ìwé ìgbaniwọlé ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín ni ó yàn nígbà tí ó ń ṣe ìdánwò JAMB, ó sì gba 243 nínú 400. Nígbà tí yunifásítì fèsì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni wọ́n fún un. Àlhájì ní kí ó gbà á. Ọmọ ní òun yóò dúró sílé fún ọdún kan, òun yóò sì tún ìdánwò ṣe, nítorí pé èsì JAMB kì í kọjá ọdún kan.

“Àfáà, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀,” ni Àlhájì wí bí mo ti jókòó. “A kì í gbójú lé òjò kí a da omi inú àmù nù.”

Ìyá ọmọ ní ẹ̀rù tirẹ̀, èyí tí kò lè sọ níwájú ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan ti wá tọrọ ọmọ náà. Ilé-ìwé ni wọ́n fi dá a lóhùn. Bí ọmọ bá wá jókòó sílé, kí ni wọn yóò tún sọ?

Mo ní kí a gbé ọ̀rọ̀ ìtìjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí a ka ọdún. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín gba ọdún mẹ́fà ní yunifásítì. Lẹ́yìn rẹ̀, dókítà tuntun yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, yóò sì fi ọdún kan ṣe àgùnbánirọ̀. Bí ọmọ wa bá wọlé ní ẹni ọdún 17, yóò pé ọdún 25 kí ó tó parí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá dúró ọdún kan, 26. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́rin kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko kí ó tó padà sí ti eyín, bí wọ́n tilẹ̀ gbà á sí kíláàsì ọdún kejì, ọdún 28 ni. Àlhájì, tí í ṣe oníṣòwò aṣọ, gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀. N kò tíì ka ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn o: ti ọdún 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ.

Àwọn kan ti gba Àlhájì nímọ̀ràn pé kí ọmọ wọlé ná, kí ó yí sí ti eyín bí ó bá dé inú ọgbà. Ìmọ̀ràn yìí ti tan ọmọ púpọ̀ jẹ. Ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn dókítà ni ó ń pinnu iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà, ó sì ń fìyà jẹ èyí tí ó bá kọjá iye náà. Ìba àyè tí ó bá ṣẹ́kù, ojú tí ń wò ó pọ̀.

Síbẹ̀, ìṣirò nìkan kò tó. Mo bi ọmọ ní máàkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Gẹ̀ẹ́sì 68, Báyọ́lọ́jì 71, Kẹ́mísírì 62, Físíìsì 42. Físíìsì ni ó fà á sẹ́yìn, ó sì ní ìdí: odindi ọdún kan ni ilé-ìwé rẹ̀ kò fi ní olùkọ́ Físíìsì. Àìsàn tí a mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ọdún kan sì tó láti wò ó. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ rí jókòó ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Máàkì rẹ̀ kò kúrò lójú kan, kò sì yí ọ̀nà tí ó ń gbà kàwé padà. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n fún un.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ mọ̀. Mo bi í pé, “Ǹjẹ́ o ti dúró ti dókítà eyín rí níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́?” Ó ní, “Rárá, Bọ̀dá Àfáà.” Àlhájà kan tí í ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbà kí ó máa wá jókòó ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní gbogbo ọjọ́ Àtàláátà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò lè jẹun nígbà tí ó délé. Wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí eyín rẹ̀ ti di ọyún, òórùn sì gba gbogbo yàrá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Àtàláátà kejì, kí oòrùn tó yọ, ó ti wọ hìjáàbù rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n fa ọyún náà jáde tán, bàbá náà bèèrè omi, ó mu ún, ó sì ní ó di ọjọ́ mẹ́rin tí òun ti gbé omi mì gbẹ̀yìn. Dókítà ibẹ̀ sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ eyín: ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn yóò ní kí ó fi ìda gbẹ́ eyín kí ó tó fọwọ́ kan ti ènìyàn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọṣẹ gbẹ́ eyín sílé. Ìyá rẹ̀ ń ráhùn nítorí ọṣẹ rẹ̀.

Ọmọ ti kírun Ìstíkhárà. Inú mi dùn sí i, àmọ́ mo rí i pé àlá ni ó ń retí. Ẹ̀yin òbí, kò sí ọ̀rọ̀ àlá nínú hàdíìsì Jábír tí Bùkhárì gbà wá lórí ìrun yìí. Ènìyàn yóò ro ọ̀rọ̀, yóò bi àwọn tó mọ̀, yóò fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, yóò sì dìde ṣe é.

Àlhájì gbà níkẹyìn, pẹ̀lú àdéhùn: ọdún kan ṣoṣo ni, kò ní í san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun lè bá wọn ra máàkì, bí ọdún bá sì yí tí wọn kò bá gbà á sí ti eyín, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Èmi fi ọ̀kan kún un: kí ọmọ má ṣe dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Mo ti rí ọdún ìdúró tí ó di ọdún ọjà títà pátápátá.

Àlhájì ni ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní káfẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọn kò gba àyè náà. Ọmọ ní ọwọ́ bàbá òun gbọ̀n díẹ̀. Ní báyìí, ìdánwò ku oṣù méjì, olùkọ́ Físíìsì sì ń wá lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó tọrọ ọmọ náà tún ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àlhájì ní kí wọ́n sọ fún un pé ọmọ òun ń bẹ ní ilé-ìwé.