Ìgbónára Ẹ́ńjìnnì àti Inú Ọkọ̀ ní Ìgbà Òtútù: Ẹ̀kọ́ fún Awakọ̀ Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìfáárà

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni Yorùbá ń pè ní ọyẹ́. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí igbó àti omi wà nítòsí, ọyẹ́ kì í mú tó bí ó ti ń mú ní òkè ọya. Síbẹ̀, ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọyẹ́, a máa ń rí awakọ̀ ní Òkìtìpupa, ní Igbótako, ní Ìlú-Titun àti ní Òde-Ìrèlé tí yóò ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀, tí yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó máa kùn lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó gbéra. Bí a bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, èsì rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì nílò ìgbóná. Kì í ṣe òótọ́ pé ìdúró lójú kan ni ó ń tètè fún un ní ìgbóná náà. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni pé awakọ̀ kan náà tí ó ń sun epo láti mú ẹ́ńjìnnì gbóná ní àárọ̀ lè ti gbà kí mẹkáníìkì yọ tamọ́sítáàtì kúrò nínú ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀yà tí a dìídì ṣe kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi nílò ìgbóná, iye àkókò tí ìgbóná náà ń gbà nílé àti lókè òkun, bí inú ọkọ̀ ṣe ń móoru, àti ewu tí ó wà nínú àṣìlóye ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí tí Ẹ́ńjìnnì fi Nílò Ìgbóná

Ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù tí ó wọ́pọ̀ ń tẹ̀lé ìlànà ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí Nicolaus Otto, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ṣe ẹ́ńjìnnì ní ọdún 1876. Ẹ́ńjìnnì á fa epo àti afẹ́fẹ́ sínú, á fún un pọ̀, á sun ún, á sì tú èéfín rẹ̀ dà síta. Ìdí mẹ́ta ni ó mú kí ìgbóná ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ yìí.

Èkíní ni pé bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ di oru kí ó tó lè jó dáadáa. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá tutù, díẹ̀ nínú epo náà á wà ní omi síbẹ̀. Nítorí náà ni ẹ́ńjìnnì tútù fi ń mu epo ju ti gbígbóná lọ. Èkejì ni pé irin a máa wú bí ó bá gbóná. Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì ti wọn písítìn àti ihò tí ó ń gbà lọ gbà bọ̀ kí wọ́n lè bá ara wọn mu nígbà tí wọ́n bá gbóná. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, èyí tí kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Ìkálẹ̀ láti lóye.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń dáná níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé epo pupa máa ń dì nínú ìgò ní àárọ̀ ọyẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dà á yóò kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀bá iná tàbí sínú oòrùn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í tètè dì bí epo pupa, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó ń darí wọn: bí òtútù bá mú un, á ki, kò sì ní tètè dé ibi tí irin ti ń fi ara kan irin. Ara agolo ọ́ìlì tí ó wọ́pọ̀ jù ní ọjà wa ni a ti ń rí àmì 20W-50. Ọ̀pọ̀ ni ó ń ka àmì yìí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà W dúró fún “winter”, èyí tíí ṣe ìgbà òtútù lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó. Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. Ìdí nìyí tí awakọ̀ ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ fi ń lo 0W tàbí 5W, tí 20W-50 sì fi lè ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa fún ọkọ̀ tí a ṣe fún un. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni ó yẹ kí ó pinnu.

Iye Àkókò tí Ìgbóná ń Gbà

Omi ẹ́ńjìnnì tí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń gbóná tó nǹkan bí 90°C. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí òtútù àárọ̀ ọyẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ 15°C. Bí a bá mú un pé 20°C ni ó wà, ìwọ̀n 70 ni ẹ́ńjìnnì ní láti gùn. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, òtútù lọ sí nǹkan bí 31 ní ìsàlẹ̀ òdo ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019. Ìwọ̀n 121 ni ẹ́ńjìnnì tí ó sun ìta mọ́jú ọjọ́ náà ní láti gùn. Ìyàtọ̀ yìí ni kò yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ fi ìṣe ará òkè òkun ṣe àwòkọ́ṣe gbàgbé.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn ní ìlú tí kò tutù púpọ̀, omi rẹ̀ sábà máa ń gbóná tó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Nínú òtútù líle, ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́ìlì a sì máa pẹ́ ju omi lọ kí ó tó gbóná. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, ìgbóná náà yóò falẹ̀, nítorí pé epo díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí kò ru ẹrù ń jó, iná kékeré kì í sì í tètè se ìkòkò ńlá. Ìdí nìyí tí Iléeṣẹ́ Ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ Agbára fi ń gba awakọ̀ níyànjú pé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ó máa wa ọkọ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ilẹ̀ Jámánì, òfin ìrìnnà kò tilẹ̀ fàyè gba kí a máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan láìnídìí. Ní Winnipeg ní Kánádà, tí òtútù rẹ̀ lágbára gan-an, okùn iná mànàmáná ni wọ́n ń ki bọ ọkọ̀ láti òru kí ẹ́ńjìnnì má baà tutù jù.

Níbo wá ni àṣà ìdúró-pẹ́ ti wá? Inú ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ní ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti iléeṣẹ́ Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá gbilẹ̀ lójú títì wa. Kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òtútù mú. Bí awakọ̀ kò bá mú sùúrù fún un díẹ̀, ọkọ̀ náà á máa kú lójú ọ̀nà. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà awakọ̀ bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Àwọn ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù lónìí ní kọ̀ǹpútà tí ó ń wo ìgbóná omi, tí ó sì ń bu iye epo tí ó yẹ fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ ti yí padà, ṣùgbọ́n àṣà kò yí padà.

Owó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ kékeré tí ó dúró lójú kan lè jó nǹkan bí lítà 0.6 láàárín wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26 jẹ́ wákàtí mẹ́fà àbọ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bíi lítà mẹ́rin lóṣù. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí awakọ̀ tí lítà mẹ́rin jẹ́ ohun ìdọ̀tí lójú rẹ̀.

Bí Inú Ọkọ̀ ṣe ń Móoru

Omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì kan náà ni ó ń mú inú ọkọ̀ móoru. Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni ohun kan wà tí ó dà bí rédíétọ̀ kékeré. Omi ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá, fáànù sì ń fẹ́ ooru rẹ̀ sí àwọn èrò. Bí omi kò bá tíì gbóná, afẹ́fẹ́ tútù ni yóò máa fẹ́, kò sí bí a ṣe lè ta fáànù náà tó. Nítorí náà, awakọ̀ òkè òkun tí ó bá fẹ́ kí inú ọkọ̀ tètè móoru kò ní ọ̀nà tí ó yá ju pé kí ó rọra gbéra lọ. Ọkọ̀ oníbátìrì kò ní irú omi ẹ́ńjìnnì gbígbóná bẹ́ẹ̀. Inú bátìrì rẹ̀ ni ó ti ń wá ooru, èyí sì ń dín ìrìn rẹ̀ kù nígbà òtútù.

Ní Ìkálẹ̀, ẹni tí yóò tan ẹ̀rọ amúnimóoru yìí ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ó ní iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Bí gééjì bá fi hàn lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ gbóná kọjá ààlà, kí awakọ̀ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ó tan ti amúnimóoru dé òpin, kí ó sì wá ibi tí kò léwu dúró sí. Ara yóò gbóná fún èrò, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ooru náà yóò kúrò lára ẹ́ńjìnnì.

Tamọ́sítáàtì àti Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni Tòkunbọ̀. Orúkọ náà ni Yorùbá fún ọkọ̀ àlòkù tí ó gba orí omi dé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ti ilẹ̀ olótùútù wá, wọ́n sì gbé ohun èlò ìgbà òtútù wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá dé, mẹkáníìkì kan lè sọ pé òtútù òyìnbó ni wọ́n ṣe tamọ́sítáàtì fún, pé kò wúlò nílẹ̀ olóoru. Á sì yọ ọ́ sọnù.

Tamọ́sítáàtì jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Ohun tí ó dà bí ìda oyin ni ó wà nínú rẹ̀. Bí omi bá tutù, ìda náà á dì, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì, kí omi lè máa yí nínú ẹ́ńjìnnì nìkan, kí ó tètè gbóná. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82°C sí 90°C, ìda á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn, omi á sì bọ́ sínú rédíétọ̀ lọ tutù. Kì í ṣe ìgbà òtútù nìkan ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń di ẹ́ńjìnnì mú ní ìwọ̀n tí ó yẹ ní gbogbo ìgbà.

Bí a bá yọ ọ́, omi yóò máa gba rédíétọ̀ kọjá láti ìgbà tí a ti ṣáná. Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré ní ojú títì Èkó sí Bìní, afẹ́fẹ́ lè máa mú un tutù ju bí ó ti yẹ lọ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé àárọ̀ ni, á máa bu epo kún epo. Epo tí kò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára irin, omi tí iná dá sílẹ̀ á sì dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ní kúkúrú, ọkọ̀ tí kò ní tamọ́sítáàtì ń gbé nínú ìgbà òtútù tí kò lópin, bí oòrùn Òkìtìpupa tilẹ̀ ń ràn lé e lórí.

Òótọ́ ni pé tamọ́sítáàtì tí ó bàjẹ́, tí kò ṣí mọ́, lè mú kí ọkọ̀ gbóná jù. Pípààrọ̀ ni ìwòsàn èyí. A lè dán an wò nípa gbígbé e sínú ìkòkò omi lórí iná: èyí tí ó dára yóò ti ṣí kí omi tó hó. Bí ó bá ṣí, kí a wá àrùn náà síbòmíràn: rédíétọ̀ tí ó dí tàbí tí ó ń jò, fáànù tí kò yí, tàbí omi kànga lásán tí a ń dà sínú rẹ̀, tí ó ń mú irin dógùn-ún.

Ewu Èéfín

Ohun tí ó burú jù nínú ìdúró lójú kan kì í ṣe òfò epo. Èéfín ọkọ̀ ní carbon monoxide nínú, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ ń dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tí ó lé ní 200 ju bí ó ti ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ. Ẹni tí ó bá ń fà á símú lè kú sójú oorun láìmọ nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni èéfín yìí pọ̀ jù, nítorí pé ohun tí ó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 250°C sí 300°C kí ó tó ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń mú ọkọ̀ gbóná nínú gáréèjì tí ó so mọ́ ilé, tàbí lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn sí, ń fi ẹ̀mí wewu. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gáréèjì nìkan kò tó. Ìkìlọ̀ kan náà ni ó bá jẹnẹrétọ̀ wí.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ̀sọ̀ ni ẹ́ńjìnnì tútù ń fẹ́. Kí awakọ̀ Ìkálẹ̀ ṣáná, kí ó dúró fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ó sì rọra wa ọkọ̀ rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ le fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ lè fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Kí onímọ́tò má ṣe jẹ́ kí a yọ tamọ́sítáàtì rẹ̀ láìfi òmíràn rọ́pò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọkọ̀ gbóná níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè kọjá. Epo tí ó ṣòfò ṣeé rà padà, ẹ́ńjìnnì tí ó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ẹ̀mí tí ó bá èéfín lọ kò ní ọjà tí a ti ń rà á.