BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ AJÁ ẸLẸ́SẸ̀ MẸ́TA

 Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, wọ́n lérò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni n ó kọ, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí agbègbè Abuja ní 1991. Mo ní ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan nínú yín kì í dá mi dúró lọ́nà ọjà pé, "Bàbá, báwo ni ajá yín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣe ń sáré tó bẹ́ẹ̀?" Èsì mi nìyí.

Ọmọ oṣù mẹ́ta ni Tanímọ̀la ní 2021 nígbà tí ọ̀kadà gbá a lẹ́bàá títì Abuja sí Lọ́kọ́ja tó gba ìlú wa Abaji kọjá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti òsì rún. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló fi aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ gbé e wálé. Aládùúgbò kan ní kí a jẹ́ kí òun bá wa pa á kí ìyà má baà jẹ ẹ́ mọ́. Òmíràn ní àwọn tó ń ta ẹran ajá yóò san nǹkan lé e. Ìyàwó mi ní òun kò fẹ́ nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú ọgbà òun. Èmi alákọ̀wé náà kò mọ̀ jù wọ́n lọ. Mo lọ paracetamol, mo pò ó mọ́ mílíìkì fún un. Mo fi aṣọ di ẹsẹ̀ náà le dan-in dan-in, ó gé mi jẹ lọ́wọ́, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta retí kí ó san.

Àṣìṣe mẹ́ta ni mo ṣe níbẹ̀. Oògùn ìrora tí àwa ènìyàn ń lò kì í ṣe ti ajá: paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ibuprofen lè dá egbò sí inú rẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ìdì tó le jù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ kó bọ̀. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Gwagwalada, ẹsẹ̀ náà ti tutù, ó ti ń dúdú. Dókítà bi mí pé kí ni mo fún un. Ojú tì mí láti sọ. Ó ní ká ní a tètè dé ni, òun ì bá gbìyànjú láti to egungun náà.

Ẹ̀kẹta ló bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ ajá náà kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ó sì ti gé mi jẹ. Ajá tí ara ń ro lè gé olówó rẹ̀ jẹ. Aṣọ rírọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi so ẹnu rẹ̀, kí ó ṣáà lè mí. Bí ajá bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi ń mú, ó lè tó 99 tí ó jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Mo gba abẹ́rẹ́ mi pé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom láti 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ajá nílé wa níbí. Ẹ kò ní àwáwí.

Mo rò pé ibi tó kú nìkan ni wọn yóò gé. Rárá o, òkè itan ni. Bí kùkùté bá ṣẹ́kù, ajá yóò máa fi í gbá ilẹ̀, yóò máa bó, kò sì ní jinná. Títí di ọjọ́ kẹrìnlá tí wọ́n tú okùn egbò náà, a gé ìdí ike kékeré kan kúrò, a fi kọ́ ọ lọ́rùn kí ó má baà máa lá a.

Lọ́jọ́ kejì tó délé, ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Ọmọ-ọmọ mi ń sunkún, èmi ń sá lọ gbé e. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí a má máa gbé e. Bí ajá bá wọ̀n kílò 10, nǹkan bí kílò 6 wà lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ru 4 yòókù. Nítorí náà, ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣì ní èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Ọmọ ajá tún fúyẹ́, kò sì tíì pẹ́ tó ti mọ ẹsẹ̀ mẹ́rin lò. Èyí tó pàdánù ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń ní iṣẹ́ jù, síbẹ̀ ó ń ṣeé ṣe. Lucca, ajá ológun Amẹ́ríkà, pàdánù ẹsẹ̀ iwájú kan sí bọ́ǹbù ní Afghanistan ní 2012. Ó fẹ̀yìn tì bíi tèmi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sì fi wọ London ní 2016 lọ gba àmì-ẹ̀yẹ Dickin Medal.

Táìlì ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣẹ́gun Tanímọ̀la. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá yọ̀ kò ní ẹsẹ̀ kẹrin tí yóò fi gba ara rẹ̀ dúró. Mo ní kí wọ́n bá mi kó àpò kòkó wá láti Òǹdó, a tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi oúnjẹ rẹ̀, a sì ń gé èékánná rẹ̀ déédéé.

Oúnjẹ ni wàhálà tó pẹ́ jù. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń ṣàánú rẹ̀, àánú náà sì ń di èbà. Kí ó tó pé ọdún méjì, ó ti wọ̀n kílò 22. 17 ni dókítà fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó láàárín ọ̀nà. Ẹrù ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ mẹ́ta ń rù, a tún ń fi kún un! Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo tó kù ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹ fi ìka ra ìhà ajá yín: ó yẹ kí ẹ lè ka egungun rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i kà, ẹ dín oúnjẹ kù. A fòpin sí àjẹkù ọbẹ̀ pátápátá, torí àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Oṣù mẹ́fà ló gbà wá kó tó fọn.

Ní ti ìrìn, ó sàn kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ju kí ó rin wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ la ń jáde, nítorí ọ̀dà títì a máa jó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. A kì í jẹ́ kí ó fò láti orí nǹkan gíga. Bí ẹ bá rí i tí ara rẹ̀ le lówùúrọ̀, tàbí tó ń lọ́ra láti dìde, oríkèé ló ń dùn ún. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má lọ síbi àpótí oògùn yín.

Ìyàwó mi tí kò fẹ́ ẹ nínú ọgbà ló ń wọn oúnjẹ rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ife tó fi ń wọn gààrí. Bí ẹ bá yà kí wa lẹ́yìn ìpàdé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní ohunkóhun lábẹ́ tábìlì, bó ti wù kó wò yín lójú tó.