Bí Ìjọ Ṣe Lè Dúró Ti Olùkọ́ Ẹ̀sìn Tó Fẹ́ Fi Èkó Ṣe Ilé

Ìwé ìlàlóye fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ní Pópó Àgùdà àti Ìsàlẹ̀ Èkó

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ó wà fún ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ tí Fadá, Sístà, Pásítọ̀ tàbí Àáfà tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ń kọ́, tí ẹ kò sì fẹ́ kó lọ.

Àdúgbò wa mọ iyì àlejò. Àwọn tó tẹ Pópó Àgùdà dó, Bràsíìlì àti Kúbà ni wọ́n ti dé. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero bẹ Èkó wò ní 1863, Padre Anthonio tó ti Bràsíìlì bọ̀ ló ń kó àwọn Kátólíìkì jọ. Ní 1894, Abdullah Quilliam wá láti Liverpool síbi ṣíṣí Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, kọ́. Ní 1921, Abdur Rahim Nayyar ti Íńdíà dé Èkó láti wàásù. Lóde òní, ìfẹ́ ìjọ nìkan kò lè dá olùkọ́ dúró. Ìwé ni ìjọba ń béèrè, ẹ̀rí ìjọ sì wà lára ìwé náà.

Kí ni òfin sọ?

Ìlànà físà Nàìjíríà pín físà sí mẹ́ta: ti ìbẹ̀wò ráńpẹ́, ti ìgbà díẹ̀ àti ti ìgbé títí lọ. Ti ìgbé títí lọ wà fún àwọn bíi ọkọ tàbí aya ọmọ Nàìjíríà àti olókòwò ńlá. Olùkọ́ ẹ̀sìn kì í gbà á nítorí iṣẹ́ ìwàásù nìkan. Físà STR (“Subject to Regularisation”) ló sábà máa ń gbà wọlé. Láàárín 90 ọjọ́, kó lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n, kó sì gba káàdì ìgbélùú, CERPAC.

Bó bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, ẹ wo abala 27 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé níbí fún ọdún 15 láìdáwọ́ dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó ti gbé níbí fún oṣù 12 gbáko ṣáájú ìbéèrè rẹ̀, kí àpapọ̀ ìgbà tó ti lò níbí nínú ogún ọdún tó ṣáájú oṣù 12 náà má sì dín ní ọdún 15. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwà rere. Gómìnà gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn ará àdúgbò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àti pé ó ti mọ ìgbé ayé wa. Ẹ̀yin ni ará àdúgbò tí òfin ń wí.

Bó bá jẹ́ ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ńkọ́?

Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ará Gánà, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò láyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tọrọ àyè. Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025. ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba pásípọ́ọ̀tì wọn títí di ìgbà tí ìkéde mìíràn bá jáde. Ẹ béèrè bó ṣe rí lọ́wọ́ Ìmígíréṣọ̀n kí Àáfà yín tó gbéra.

Kí ni kí ìjọ ṣe?

1. Ẹ wá ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọ lọ́dọ̀ CAC (Corporate Affairs Commission). Bí kò bá sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ kọ lẹ́tà onígbọ̀wọ́. Ìjọ tó bá fọwọ́ sí i ti gba ẹrù àlejò rẹ̀ lórí níwájú Ìmígíréṣọ̀n. Kí ìgbìmọ̀ jíròrò owó rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.
3. Ẹ kọ ọjọ́ tí káàdì CERPAC olùkọ́ yóò kú sínú ìwé ìpàdé, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ọ.
4. Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀rí. “Èèyàn dáadáa ni” nìkan kò tó. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí: ọdún tó dé, kíláàsì tó ń kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, Yorùbá tó ń sọ, ìkómọ àti ìsìnkú tó bá yín pé sí. Kí aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà kọ tirẹ̀.
5. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé àti rìsíìtì.

Kí ni kí ẹ yẹra fún?

Ẹ má gba pásípọ́ọ̀tì olùkọ́ pa mọ́; tirẹ̀ ni. Ẹ má purọ́ ọdún, ẹ má sì ṣe ìgbéyàwó orí ìwé lásán. Ẹ má fowó lé alágbàtà tó ní òun mọ ọ̀gá níbì kan lọ́wọ́. Bí ìwé bá ti kú, ẹ má fi í pa mọ́: ẹ mú olùkọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n, kí agbẹjọ́rò sì bá yín lọ.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ má dúró dìgbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ pe ìpàdé lóṣù yìí, kí ẹ ka ọjọ́ tó wà lójú káàdì olùkọ́ yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà.