Fọ́ọ̀mù Tó Funfun Báláú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi pè mí láti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ẹkún lẹ́nu: “Dádì Ògbómọ̀ṣọ́, ó tún ti funfun o!” Ọjọ́ yẹn ni ilé-ìwé kan máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa, dátà tó rà sì ti tán sórí ojú-ewé òfìfo. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tèmi nílé, ó ṣí. Ó ń pe lẹ́tà fún mi lórí fóònù, mo ń tẹ̀ ẹ́. Agogo mọ́kànlá alẹ́ kọjá ká tó parí.

Lẹ́yìn náà ni mo wo inú ojú-ewé ọ̀hún, àṣà mi nìyẹn, ẹ mọ̀. Nínú HTML tí sáfà fi ránṣẹ́, kò sí ibì kankan téèyàn lè kọ orúkọ sí. JavaScript ràgàjì kan ló yẹ kó wá kọ́ gbogbo fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù. Bí ìyẹn bá há sójú ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí, tó ń tẹ fóònù lọ, mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Láti 2003 ni Steve Champeon ti fún ọ̀nà tó dáa ju èyí lọ lórúkọ: progressive enhancement. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí gbogbo fóònù lè lò, kó ṣiṣẹ́ délẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kún un. Ẹni tó ti ro àmàlà, tó se ewédú, kò ní fi ebi sùn. Bí ẹran bá dé, ó kúkú dáa.

Fún fọ́ọ̀mù yẹn, orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni ǹ bá fi sójú-ewé kìíní, nínú form tòótọ́ tó ní action àti method. Ọmọ tẹ bọ́tìnnì, sáfà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tọ́jú rẹ̀, ó gbé ojú-ewé kejì wá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní ìkẹta, méjì àkọ́kọ́ kò sọnù. CSS á tún ojú rẹ̀ ṣe. Ìgbà yẹn ni JavaScript tó dé, láti sọ fún un pé nọ́ńbà fóònù kò pé, tàbí láti dín fọ́tò kù kó má jẹ dátà. Bí kò bá dé ńkọ́? Sáfà á ṣì yẹ nọ́ńbà náà wò. (Ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nàkọnà jàre! Ẹ má fọkàn tán ohun tó bá ti orí fóònù wá.)

JAMB ń jẹ́ kí ọmọ fi SMS wo èsì rẹ̀ láìní dátà. GTBank ní *737# fún fóònù kékeré. Àwọn yẹn mọ irú ẹni tó ń lò ó.

Ẹnìkan á ní Bàbá kórìíra JavaScript. Rárá o. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ń ya àwòrán kan lẹ́ẹ̀kan náà lórí wẹ́ẹ̀bù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é láìsí i. Ṣùgbọ́n orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fọ́tò? Ẹ pa JavaScript nínú bráúsà yín lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ ṣí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.